Kọ́kọ́rọ́ ọdún yìí kì í ṣí àpótí èṣí

Lọ́jọ́ Sátidé kan, níbi ìpàdé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ní Kubwa, mo ka ìròyìn kékeré kan. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni mo fi mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà: pé láti ọdún yìí lọ, a ó máa pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ tí a fi ń ti backup wa pa ní cloud, lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Mo rò pé wọ́n á kàn mi orí, ká lè bọ́ sórí ọ̀rọ̀ ẹ̀yáwó tí gbogbo wọn tìtorí ẹ̀ wá. Akápò wa, ìyá kan tó ń ta léèsì ní Wuse Market, ló nawọ́.

"Ẹnjiníà, ọmọ mi, tí o bá pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́, kí ni a ó fi ṣí àwọn tí o ti fi ti àtijọ́ tì?"

Ó dá mi dúró. Mo ti bá àwọn tó kàwé kọ̀ǹpútà jókòó nínú yàrá tútù nílùú Abuja yìí, tí wọ́n sọ̀rọ̀ pípààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ fún wákàtí méjì, tí kò sì sí ẹni tó bi ìbéèrè yẹn. Ìdáhùn tí mo fún màmá lọ́jọ́ náà kò kún tó. Èyí ni ìyókù rẹ̀.

Backup kò ju ẹ̀dà lọ. Orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́, iye tí kálukú ti dá, ẹni tó yá owó àti ẹni tó ti san án, inú dátábéèsì ni gbogbo rẹ̀ wà. Lóròòru ni kọ̀ǹpútà ń ṣe ẹ̀dà rẹ̀, tó ń fi í ránṣẹ́ sí cloud. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ cloud yẹn dà yín láàmú. Kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn ni, nínú ilé ńlá kan tó lè wà ní Cape Town tàbí ní Ireland, tí à ń san owó ilé fún lóṣooṣù. Ẹ̀dà òru kọ̀ọ̀kan kì í pẹ́ nílẹ̀. Tó bá pé oṣù kan, a ti pa á rẹ́. Ti ìparí ọdún ló ń pẹ́. Òun ló máa wà níbẹ̀ fún ọdún mẹ́fà, méje, tí kò ní í sí ẹni tó yà á wò.

Nítorí pé inú ilé onílé ló wà, a kì í fi í sílẹ̀ gbayawu. A máa ń tì í pa kó tó lọ. Ohun tí wọ́n ń pè ní encryption nìyẹn: ìṣirò ni a fi ń da ọ̀rọ̀ rú, débi pé ẹni tó bá jí i kò ní í rí ju wúruwùru lọ, àfi tó bá ní kọ́kọ́rọ́. Kọ́kọ́rọ́ ọ̀hún kì í ṣe irin, nọ́ńbà ni. Ọ̀nà ìtìpa tó gbayì jù ni AES. Ọmọ Belgium méjì, Joan Daemen àti Vincent Rijmen, ló ṣe é, ìjọba Amẹ́ríkà sì gbà á gẹ́gẹ́ bí ìlànà wọn ní 2001. Nínú irú tí wọ́n ń pè ní AES-256, iye kọ́kọ́rọ́ tó lè wà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé tí ẹ bá fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀, díjíìtì 78 ni ẹ ó tò sára wọn.

Màmá akápò mọ̀ nípa àgádágodo ju bí ó ṣe rò lọ. Nígbà kan, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kan lọ láìdágbére. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ó ti ra àgádágodo tuntun sí ṣọ́ọ̀bù, ó sì sọ kọ́kọ́rọ́ àtijọ́ nù pẹ̀lú ìbínú. Ó gbàgbé pé kọ́kọ́rọ́ kan náà ló ń ṣí àpótí léèsì mẹ́ta tó wà nílé. Ìgbà tí ìyá ìyàwó kan wá béèrè léèsì kan pàtó ló rántí. Alájòórin ló bá a gé e.

Nídìí encryption, kò sí alájòórin. Kí gbogbo alájòórin tó wà ní Apo kóra jọ, kí wọ́n máa gé e títí ọmọ ọmọ wọn, àpótí yẹn kò ní í ṣí. Olè kò lè ṣí i. Ẹ̀yin tí ẹ ni ín náà kò lè ṣí i tí kọ́kọ́rọ́ bá ti sọnù, ilé iṣẹ́ tó ń gba owó ilé lọ́wọ́ yín kò sì lè ràn yín lọ́wọ́. Ìdí rèé tí ìbéèrè màmá fi tó ìbéèrè.

Ohun tó ń rú ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú ni pé wọ́n rò pé kọ́kọ́rọ́ kan ló wà. Méjì ni. Tí backup bá fẹ́ wáyé, kọ̀ǹpútà á ṣẹ̀dá kọ́kọ́rọ́ kékeré fún un, òun ló máa fi ti àpótí. Lẹ́yìn náà á fi kọ́kọ́rọ́ kékeré yìí sínú àpòòwé tí kọ́kọ́rọ́ àgbà nìkan lè ṣí, á wá lẹ àpòòwé náà mọ́ ara àpótí. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á ṣe máa gbé pọ̀. Ẹni tó bá jí àpótí gbé ti gbé àpòòwé mọ́ ọn, ṣùgbọ́n asán ló gbé, nítorí kọ́kọ́rọ́ àgbà kò sí níbẹ̀.

Níbo ló wà? Ọ̀dọ̀ mẹ́gáàdì, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́. AWS, ìyẹn cloud ti ilé iṣẹ́ Amazon, ń pe mẹ́gáàdì tiwọn ní KMS, Google ń pe tiwọn ní Cloud KMS, Microsoft ń pe tiwọn ní Key Vault. Ẹ wò ó bíi mẹ́gáàdì ẹ̀síteètì ní Gwarinpa, èyí tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ níṣẹ́. Kì í yá ẹnikẹ́ni ní kọ́kọ́rọ́. Àpòòwé ni ẹ ó gbé tọ̀ ọ́ lọ. Á ṣí ìwé rẹ̀, á wò ó bóyá orúkọ yín wà lára àwọn tí wọ́n fún láṣẹ. Tó bá wà, á ṣí àpòòwé, á na kọ́kọ́rọ́ kékeré sí yín, á sì kọ ọjọ́ àti aago tí ẹ wá. Kọ́kọ́rọ́ àgbà kò jáde lápò rẹ̀. Èmi tí mò ń ṣe iṣẹ́ yìí, n kò fojú kan kọ́kọ́rọ́ àgbà ẹgbẹ́ wa rí, n kò sì ní í rí i láéláé.

Wàyí o, tí wọ́n bá ní àwọn pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́, ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé mẹ́gáàdì rọ kọ́kọ́rọ́ àgbà mìíràn. Láti òní lọ, òun ni yóò máa fi ti àwọn àpòòwé tuntun. Àwọn àpòòwé ti àná ńkọ́? Kò fọwọ́ kàn wọ́n. Kọ́kọ́rọ́ àná ṣì wà lápò rẹ̀, àmì sì wà lára àpòòwé kọ̀ọ̀kan tó ń sọ fún un èyí tí yóò fi ṣí i. Lọ́dọ̀ AWS, tí ẹ bá ní kí ó máa ṣe é fúnra rẹ̀, ọjọ́ 365 ni wọ́n máa ń kà kí wọ́n tó pààrọ̀. Láti 2024, ẹ lè yan iye ọjọ́ tó wù yín láàárín 90 sí 2,560. Gbogbo àtijọ́ ni wọ́n ń tọ́jú pamọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Google, àfi pé tiwọn ní nọ́ńbà tí ẹ lè fojú rí: ìkíní, ìkejì, ìkẹta, tí ẹ sì lè pa ọ̀kan rẹ́ kí ẹ fi ìyókù sílẹ̀.

Ìdáhùn ìbéèrè yín nìyẹn, màmá. Ti àtijọ́ náà ni a ó fi ṣí ti àtijọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó tẹ̀lé e, nítorí òun ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ kò tíì gbọ́ yé. Bí pípààrọ̀ kò bá fọwọ́ kan àpótí èṣí, a jẹ́ pé kò dáàbò bo àpótí èṣí náà. Tí ẹnì kan bá ti rí kọ́kọ́rọ́ èṣí lọ́nà kan ṣáá, kí ẹ pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ ní ìgbà ogún lọ́dún yìí, ohun èṣí ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Láti gba èyí padà, ẹ ní láti tún àpótí tì: kí ẹ ṣí i pẹ̀lú ti àtijọ́, kí ẹ fi tuntun tì í, kí ẹ sì pa ẹ̀dà àkọ́kọ́ rẹ́. Tó bá jẹ́ kọ́kọ́rọ́ àgbà nìkan ni ẹ ń fura sí, tí kò sì sí ẹni tó tíì rí inú àpòòwé, àpòòwé nìkan lẹ ó tún tì, iṣẹ́ ìṣẹ́jú akàn sì ni, nítorí ohun tó wà nínú rẹ̀ kò ju báìtì 32 lọ, bó ti wù kí àpótí fúnra rẹ̀ tóbi tó. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ kọ́kọ́rọ́ kékeré ló bọ́ síta, gbogbo ẹrù inú àpótí lẹ ó kó jáde. Àwọn tó fi backup wọn sí ibi tí owó ilé rẹ̀ kéré jù ní AWS, èyí tí wọ́n ń pè ní Glacier Deep Archive, á kọ́kọ́ dúró fún wákàtí 12, tàbí 48 tí wọ́n bá yan ọ̀nà tó dínwó, kí àpótí tó jáde síta rárá. Owó sì ni gbogbo rẹ̀.

Òmíràn tún ni ti òṣìṣẹ́ tó kúrò. Ọ̀gá á ní, "Bọ̀dá yẹn ti lọ, ẹ pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ backup kíákíá." Ìrònú àgádágodo ṣọ́ọ̀bù nìyẹn, kò sì bá tibí mu. Bọ̀dá yẹn kò mú kọ́kọ́rọ́ kankan dání lọ, nítorí kọ́kọ́rọ́ kò kúrò lọ́dọ̀ mẹ́gáàdì. Orúkọ rẹ̀ nínú ìwé mẹ́gáàdì ni ohun tó ní. Orúkọ yẹn sì ń ṣiṣẹ́ fún kọ́kọ́rọ́ àtijọ́ àti tuntun, nítorí kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n fún un láṣẹ lé lórí, kì í ṣe ti ọdún kan pàtó. Tí ẹ bá pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ tí ẹ kò pa orúkọ rẹ̀ rẹ́, kó kàn dé ọ̀dọ̀ mẹ́gáàdì lọ́la ni, wọ́n á ṣí ti ọdún yìí fún un pẹ̀lú ọ̀yàyà. Ẹ pa orúkọ rẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ tó fi kúrò tó ṣú. Èyí ni ìṣòro tí mo rí jù láàárín àwọn ilé iṣẹ́ kéékèèké nílùú yìí, kò sì sí ìkankan nínú rẹ̀ tí pípààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ lè tún ṣe.

Kí wá ni pípààrọ̀ wúlò fún? Ó ń pín ewu. Tí kọ́kọ́rọ́ kan bá ti bàjẹ́, àpótí ọdún kan ni yóò kàn, kì í ṣe ti ọdún mẹ́wàá. Ọ̀rọ̀ ìṣirò wà níbẹ̀ pẹ̀lú: kọ́kọ́rọ́ AES kan náà, lọ́nà tí a sábà ń gbà lò ó, kò yẹ kó ti ohun tó ju bílíọ̀nù mẹ́rin ó lé díẹ̀ lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ohun méjì lè jọ ara wọn lọ́nà tí ọlọ́gbọ́n olè lè fi rídìí wọn. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù Kubwa kò ní í dé bílíọ̀nù mẹ́rin. Báǹkì lè dé e.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ tẹ́tí sí mi jù rèé. Pípààrọ̀ kì í pa ẹnikẹ́ni lára. Pípa kọ́kọ́rọ́ rẹ́ ló ń ṣe é.

Mo bá ilé iṣẹ́ kan ṣiṣẹ́ rí nílùú yìí, n kò ní í dárúkọ wọn. Wọ́n ní ká dín owó cloud kù. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan, ọmọ gidi, aláápọn, ń wo ìwé owó ní ìlà dé ìlà, ó rí kọ́kọ́rọ́ kan tó ń jẹ dọ́là kan lóṣù. Ó wo ìwé mẹ́gáàdì: kò sí ẹni tó béèrè kọ́kọ́rọ́ yìí láti oṣù mẹ́jọ. Ó ní kí wọ́n pa á rẹ́. AWS kì í pa kọ́kọ́rọ́ rẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ọjọ́ 30 ni wọ́n máa ń dúró, ẹ sì lè dín in kù, ṣùgbọ́n kò lè kéré sí ọjọ́ 7. Láàárín ọjọ́ 30 yẹn, ìkìlọ̀ ń lọ sí í-meèlì ẹnì kan tó ti kúrò níbi iṣẹ́ tipẹ́. Ọjọ́ pé, kọ́kọ́rọ́ lọ.

Kò sí ohun tó bàjẹ́. Gbogbo nǹkan ń ṣiṣẹ́. Ó lé ní ọdún kan kí àwọn òṣìṣẹ́ àtijọ́ kan tó gbé ọ̀rọ̀ àjẹẹ́lẹ̀ owó oṣù dé, tí agbẹjọ́rò sì ní ká mú àkọsílẹ̀ wá. A lọ sí cloud. Àpótí wà níbẹ̀, orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀, ìtóbi rẹ̀ pé. A ní kó ṣí, kò ṣí. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti pa kọ́kọ́rọ́ yẹn rẹ́ ni a ti ń san owó ilé fún òkú.

Àṣìṣe ọmọ yẹn kì í ṣe ti òmùgọ̀. Ó rò pé ohun tí ẹnikẹ́ni kò lò kò wúlò. Lórí ọ̀pọ̀ nǹkan inú kọ̀ǹpútà, òótọ́ ni. Lórí kọ́kọ́rọ́ backup, irọ́ ni, nítorí ọjọ́ ìjàǹbá nìkan ni a ń lò ó. Ta ló ń ju ẹ̀rọ apaná nù nítorí pé iná kò jó láti oṣù mẹ́jọ? Àwọn kan máa ń sọ pé ká kọ́kọ́ dá kọ́kọ́rọ́ dúró ná, ká wò ó bóyá ẹnikẹ́ni á pariwo. Ìmọ̀ràn rere ni fún ohun ojoojúmọ́. Backup ìparí ọdún kì í pariwo. Ó lè dákẹ́ fún ọdún márùn-ún.

Microsoft máa ń fún yín ní ọjọ́ 90 láti yí ìpinnu padà, àyàfi tí ẹ bá dín in kù fúnra yín. Google, ọjọ́ 30. Ẹ ríi dájú pé í-meèlì tí ìkìlọ̀ ń lọ sí, ó kéré tán ènìyàn méjì ń kà á, kí ọ̀kan nínú wọn má sì jẹ́ ẹnjiníà.

Títí di ìgbà wo la ó wá máa kó kọ́kọ́rọ́ jọ? Títí di ìgbà tí àpótí tó tì bá parí iṣẹ́ rẹ̀. Òfin ló ń sọ ọ́ fún àwọn mìíràn. Òfin ilé iṣẹ́, CAMA 2020, ní kí ilé iṣẹ́ tọ́jú ìwé ìṣirò owó wọn fún ọdún mẹ́fà. Tí ẹ bá ń pààrọ̀ lọ́dọọdún, tí ẹ sì ń tọ́jú fún ọdún mẹ́fà, kọ́kọ́rọ́ bíi méje ló gbọ́dọ̀ wà láàyè lẹ́ẹ̀kan náà. Òfin ààbò dátà, NDPA, tí Ààrẹ buwọ́ lù ní oṣù kẹfà 2023, ń fa okùn náà láti ìhà kejì: ẹ má ṣe tọ́jú ọ̀rọ̀ ẹni tó jẹ́ ti ara ẹni kọjá ìgbà tí ẹ nílò rẹ̀. Tí irú dátà bẹ́ẹ̀ bá sì bọ́ síta lọ́nà tó lè ṣe àwọn tó ni ín níbi, wákàtí 72 lẹ ní láti fi tó Àjọ Ààbò Dátà létí, ọ́fíìsì wọn sì wà ní Abuja níbí, ẹ kò ní í sọ pé ọ̀nà jìn.

Níbẹ̀ ni pípa kọ́kọ́rọ́ rẹ́ ti wá di ohun èlò rere. Àpótí ọdún kan lè ní ẹ̀dà mẹ́rin, márùn-ún, tí ẹ ti gbàgbé ibi tí ẹ gbé méjì sí. Tí ọjọ́ bá pé, ẹ pa kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo rẹ́, gbogbo ẹ̀dà di wúruwùru lẹ́ẹ̀kan náà, títí kan àwọn tí ẹ kò rántí. Nítorí èyí ni èmi kò fi lo ọ̀nà pípààrọ̀ tó ń ṣe ara rẹ̀ fún backup ìparí ọdún tiwa. AWS kì í jẹ́ kí ẹ pa kọ́kọ́rọ́ ọdún kan rẹ́ láàárín àwọn tí wọ́n ti pààrọ̀ fún yín. Gbogbo rẹ̀ ló ń lọ papọ̀. Kọ́kọ́rọ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo ṣe fún ọdún kọ̀ọ̀kan, mo kọ ọdún sí i lára, mo sì kọ ọdún tó yẹ kó kú sí abẹ́ rẹ̀. Ó ń jẹ dọ́là kan lóṣù lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Akọ̀wé wa ní owó yẹn pọ̀. Mo ní kí ó bi àwọn ará ibi iṣẹ́ mi àtijọ́.

Ohun tó kù kò le. Ẹ ní ìwé kan, ìwé gidi tó ní èèpo, tí ẹ ń kọ backup kọ̀ọ̀kan sí, ọjọ́ rẹ̀, ibi tó wà, kọ́kọ́rọ́ tó tì í, àti ọjọ́ tó yẹ kí àwọn méjèèjì kú. Kò gbọdọ̀ sí ẹni tó máa pa kọ́kọ́rọ́ rẹ́ láì kọ́kọ́ ṣí ìwé yìí. Ẹ má ṣe tọ́jú rẹ̀ sínú dátábéèsì tí ẹ ń ṣe backup rẹ̀. Ẹ ń rẹ́rìn-ín, mo ti rí i rí.

Àwọn tó ń di kọ́kọ́rọ́ àgbà mú fúnra wọn, láìsí mẹ́gáàdì, iṣẹ́ wọn pọ̀ sí i. Àwọn ẹgbẹ́ tó ń dá owó mọ àpótí olójú mẹ́ta: àgádágodo mẹ́ta, ènìyàn mẹ́ta, kò sí ẹni tó lè dá a ṣí. Wàhálà rẹ̀ ni pé tí ọ̀kan bá rìnrìn àjò lọ sí Ìbàdàn, ìpàdé di ọjọ́ mìíràn. Ní 1979, Adi Shamir, onímọ̀ ìṣirò ọmọ Israel, ṣe ìṣirò kan tó tú wàhálà yẹn: ẹ lè pín kọ́kọ́rọ́ sí márùn-ún fún ènìyàn márùn-ún, kí mẹ́ta èyíkéyìí nínú wọn tó láti ṣí i, kí ẹni méjì má sì lè rí ohunkóhun.

Kí ẹ sì máa dán an wò. Lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ẹ mú àpótí tó gbó jù, kì í ṣe ti àná, kí ẹ ṣí i sórí kọ̀ǹpútà mìíràn, kí ẹni tí kì í ṣe ẹnjiníà wò ó bóyá ohun tó wà nínú rẹ̀ ni ó yẹ kó wà níbẹ̀.

Ẹgbẹ́ ní kí màmá akápò jẹ́ ẹni yẹn. Lẹ́yìn ìpàdé tó tẹ̀lé e, mo gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká sórí tábìlì, mo ṣí ti 2019, èyí tó gbó jù lọ́wọ́ wa. Kò gbà ju ìṣẹ́jú mọ́kànlá lọ. Màmá fi awò rẹ̀ sójú, ó ń fìka tọ orúkọ láti òkè wá, títí tó fi dé orúkọ tirẹ̀: ẹ̀yáwó, oṣù mẹ́ta láìsan. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, bóyá alága ti rí i.

"Ó ṣí dáadáa," ó ní. "Tètè tún un tì, ọmọ mi."